Ilé Ọba Tó Jó, Ta Ló Ni Ẹwà Rẹ̀?

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa a máa wí pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni wọ́n fi ń ṣe fún ẹni tí òfò ṣẹ̀, kí ó má baà sọkún ju bó ṣe yẹ lọ, kí ó sì lè gbójú sókè wo ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn àdánù. Ṣùgbọ́n ní ayé tí a wà yìí, òwe náà ti kúrò lẹ́nu olùtùnú, ó ti bọ́ sẹ́nu ẹni tó ń wólé. Bí katapílà bá dé àdúgbò kan ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́, tí àwọn ará ibẹ̀ dúró ti ẹrù wọn lójú títì, kò ní ṣàìsí ẹnìkan tí yóò wí pé kí wọ́n fara balẹ̀, pé ohun tó dára ju èyí lọ ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀, ṣebí ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Èmi kò bá òwe náà jà, nítorí òwe àwọn baba wa kì í parọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni pé ilé ọba ni wọ́n dárúkọ nínú rẹ̀. Wọn kò dárúkọ ilé opó, wọn kò dárúkọ ilé ayálégbé, wọn kò sì dárúkọ ilé ẹbí tí baba ńlá ẹni kọ́, tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń pín yàrá inú rẹ̀ gbé.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ti ọba? Láyé àtijọ́, bí iná bá sọ láàfin, tí òrùlé sì di eérú, kì í ṣe ọba nìkan ni yóò ru ẹrù àtúnkọ́ rẹ̀. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan mọ ẹ̀gbẹ́ ògiri tó jẹ́ tirẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin a gbo amọ̀, àwọn obìnrin a pọnmi, àwọn ará oko a ru igi àjà àti okùn wá. Ní Ọ̀yọ́, koríko bẹẹrẹ ni gbogbo ìlú ń gé fún òrùlé ààfin, ní ilẹ̀ igbó tiwa, ewé gbódógì ni. Ọba a wọ̀ sílé ìjòyè rẹ̀ kan fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jẹ́ wí fún un pé kó lọ wá ilẹ̀ mìíràn lẹ́yìn odi, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ ta ojúlé àwọn baba rẹ̀ fún àlejò. Orí ìpìlẹ̀ kan náà ni wọ́n ń kọ́ ọ sí, lẹ́bàá ibojì àwọn tó ti wàjà, bí ó bá sì parí tán, ọba fúnra rẹ̀ ni yóò padà wọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni ẹwà ti ń wá: ẹni tí ilé rẹ̀ jó náà ló ń gbé inú èyí tó dára jù ú lọ.

Ẹ̀pẹ́ tilẹ̀ mọ ọba kan tí ilé rẹ̀ jó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, nígbà tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì rọ̀jò àgbá sórí Èkó kí wọ́n lè dá ọba àná, Akítóyè, padà sórí oyè, Ọba Kòsọ́kọ́ kó àwọn ìjòyè àti jagunjagun rẹ̀, ó gba ọ̀sà lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ó sì tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Kò pẹ́ tí ibùdó aṣásálà náà fi di ojúlówó ìlú òwò, tó bẹ́ẹ̀ tí Campbell, kọ́ńsùlù Gẹ̀ẹ́sì, fi wá bá a ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́ ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, tí wọ́n sì gbà fún un pé kí ó máa ṣòwò ní èbúté Palma àti Lẹ́kkí. Nígbà tó padà sí Èkó ní 1862, ilẹ̀ wà níbẹ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀, òun ni a ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó lórí Erékùṣù Èkó títí di òní. Àwọn tí kò bá a padà ni wọ́n di Èkó Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n sì ń fi ọdún Káyọ̀káyọ̀ rántí ìrìn àjò náà. Ọba tí wọ́n fi ìbọn lé kúrò nílé rí ẹni bá a dúnàá-dúrà, ó rí ibi tí yóò gbé, ó sì rí ilẹ̀ tí àwọn tirẹ̀ yóò padà sí.

Ẹ wá fi èyí wé ti àwọn tí kì í ṣe ọba. Ní 1955, nígbà tí òmìnira ti ń kanlẹ̀kùn, tí àwọn olóṣèlú sì ń fẹ́ olú-ìlú tí wọn yóò lè fi han àlejò láìsí ìtìjú, ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní LEDB, èyí tí ìjọba amúnisìn dá sílẹ̀ ní 1928 nítorí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku mú wọ Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí wólé láàárín gbùngbùn Erékùṣù náà, lórí ilẹ̀ tó tó éékà 70. Òótọ́ ni pé àwọn ilé náà há, pé gọ́tà wọn ń rùn, pé ènìyàn pọ̀ jù nínú yàrá kan. Ẹni tó bá sọ pé ibẹ̀ tura kò sọ òtítọ́. Wọ́n fún àwọn onílé ní owó, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ lè wá ra ilẹ̀ rẹ̀ padà bí wọ́n bá tún un tò tán, ṣùgbọ́n ní iye tó ju èyí tí wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Wọ́n sì kọ́ ilé sí Sùúrùlérè fún àwọn tí wọ́n kó kúrò. Ọ̀mọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kan, Peter Marris, tó bá àwọn ènìyàn náà sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, tó sì tẹ ìwé jáde nípa wọn ní 1961, rí i pé ilé tuntun náà mọ́, ó sì gba afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tó ń pàtẹ síwájú ilé pàdánù oníbàárà wọn, owó ọkọ̀ ń jẹ owó oúnjẹ, àwọn àgbàlagbà tí àbúrò àti ọmọ ẹ̀gbọ́n ń yà kí láràárọ̀, tí wọ́n sì ń fi nǹkan sí wọn lọ́wọ́, dẹni tó ń jókòó títí ilẹ̀ fi ń ṣú láìrẹ́ni kí wọn.

Ti Màrókò, àdúgbò kan tí wọ́n wó ní Èkó, n óò kọjá lórí rẹ̀ wéré, nítorí ọgbẹ́ rẹ̀ kò tíì jinná. Ní oṣù Keje ọdún 1990, lábẹ́ ìjọba ológun Raji Rasaki, ọjọ́ méje ni wọ́n fi ṣèkìlọ̀ fún àwọn ènìyàn tí wọ́n fojú bù sí 300,000 kí katapílà tó dé. Ilé olówó ló kún ilẹ̀ ibẹ̀ lónìí. Ẹwà bù sí i lóòótọ́. Àwọn tí wọ́n lé kọ́ ló ni ín.

Irú àwọn ènìyàn báyìí, tí apá wọn kò ká owó ilé láàárín ìlú, ni wọ́n ń ya wọ Ìkòròdú láti ìgbà pípẹ́, ìlú tí ọba rẹ̀ ń jẹ́ Ayangburẹn, tí àwọn ọmọ Rẹ́mọ tẹ̀ dó gẹ́gẹ́ bí oko, tí ìkànìyàn 2006 sì ka ènìyàn tó ju 500,000 lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ ṣì rọjú nígbà náà ní Ìgbógbó, ní Ìjẹ̀dé àti ní Ìmọ̀ta. Wọ́n wá fẹ ọ̀nà, bọ́ọ̀sì BRT sì bẹ̀rẹ̀ sí ná Máìlì Kejìlá sí Ìkòròdú ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015. Gbogbo ayé ló dúpẹ́, ó sì tọ́ kí wọ́n dúpẹ́. Ṣùgbọ́n níbi tí ọkọ̀ bá ti yá, owó ilé kì í dúró lójú kan. Ẹ wo ẹni tó ń wá yàrá kan ṣoṣo nínú ilé tí yàrá kọjú síra lẹ́bàá ọ̀ọ̀dẹ̀ tóóró, tí wọ́n jọ ń lo ilé ìdáná àti balùwẹ̀: yóò san owó ilé, yóò san ti ẹ̀jẹ́ǹtì, yóò san àgírímẹ́ǹtì, yóò san kọmíṣọ́ọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ onílé ṣì ń béèrè owó ọdún méjì, nígbà tí òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 sọ pé a kò gbọdọ̀ gbà ju ti ọdún kan lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ní 2016, ìjọba gbé ètò kan kalẹ̀ pé kí ènìyàn san ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé, kí ó máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Ètò tó dára ni. Àmọ́ ẹni tó ń gba owó oṣù ló bá lára mu. Ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́, káfíńtà àti awakọ̀ akérò, níbo ni wọn yóò ti mú ìwé owó oṣù wá?

Ní Ẹ̀pẹ́, ọ̀tọ̀ ni bí ọ̀ràn náà ṣe ń bọ̀. Èbúté ńlá Lẹ́kkí ṣí ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ilé ìfọpo Dangote tẹ̀ lé e ní oṣù Karùn-ún, láti ìgbà náà ni oníṣòwò ilẹ̀ kò ti fi Ẹ̀pẹ́ lọ́rùn sílẹ̀. Ẹni tó bá rìn gba Pópó Ọba àti Òkè Balógun kọjá yóò rí àwọn ilé tí ọwọ́ àwọn Àgùdà tó ti ilẹ̀ Brazil padà wá hàn lára wọn: ògiri amọ̀ tó nípọn, òpó tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ya òdòdó sí lórí, fèrèsé onígi tí ikán ti ń jẹ, páànù tó ti pọ́n bí osùn. Bí òrùlé bá ti jò, ògiri amọ̀ kì í pẹ́ ṣubú, owó páànù sì kéré sí owó ilé tuntun. Kí ló wá dé tí wọn kò fi pààrọ̀ rẹ̀? Ilé ẹbí ni. Kò sẹ́ni tó ní in tán, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tí kò ní in. Láti ìgbà òfin ilẹ̀ ọdún 1978, ẹni tí kò níwèé lọ́wọ́ kò já mọ́ nǹkan lójú báńkì, kò sì sí báńkì tí yóò yá ogún ènìyàn lówó lórí ilé tí kò níwèé. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí oníṣòwò ilẹ̀ bá gbé owó dé, ọmọ kan tó ń gbé lókè òkun ti fọwọ́ sí i kí ìyá arúgbó tó ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé tó gbọ́.

Òfin tó ní kí a dá irú ilé bẹ́ẹ̀ sí kò ṣàìsí. Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2011, ìjọba àpapọ̀ sì ti kọ orúkọ ilé Ilọ́jọ̀ ní gbàgede Tinúbú sílẹ̀ fún ìpamọ́ láti 1956, ilé tí wọ́n ti kọ́ láti 1855; síbẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Bí èyí tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìjọba bá lè lọ bẹ́ẹ̀, kí ni yóò gba èyí tí kò sí nínú ìwé kankan?

Síbẹ̀, ìtọ́jú ilé nìkan kò tó. Ní Bahia ní ilẹ̀ Brazil, níbi tí àwọn Àgùdà ti kó iṣẹ́ ọ̀nà ilé wọn bọ̀, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí tún àdúgbò àtijọ́ Pelourinho ṣe ní 1992, wọ́n kùn ún, ó dán, àlejò ń wọ́ wá wò ó; ṣùgbọ́n àwọn aláwọ̀ dúdú tálákà tó ń gbé ibẹ̀ ni wọ́n fún lówó díẹ̀ pé kí wọ́n máa lọ. Àdúgbò bẹ́ẹ̀ dà bí ẹ̀kú tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. N kò fẹ́ kí wọ́n ṣe Òkè Balógun bẹ́ẹ̀.

Pé ó ṣeé ṣe kí a ro ti ènìyàn mọ́ iṣẹ́ ńlá, afárá kẹrin tí wọ́n fẹ́ la ọ̀sà láti ìhà Lẹ́kkí wá sí Ìkòròdú ti fi hàn wá: ilé tó tó 4,000 ni ọ̀nà rẹ̀ àkọ́kọ́ ìbá wó, ìjọba ní àwọn ti tún un fà, ó sì ti dín sí nǹkan bí 800. Bí a bá lè yí afárá tó gùn ní kìlómítà 38 nítorí ilé, a lè yí ilé ìtajà àti ẹ́síteètì pẹ̀lú. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀yin ọba aláyé Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin olórí ẹbí àti ẹ̀yin káńsílọ̀ tí a dìbò fún: nígbà tí wọ́n bá gbé àwòrán ilé ẹlẹ́wà wá síwájú yín, ẹ béèrè fún ìwé tí orúkọ gbogbo ẹni tó ń gbé ibẹ̀ wà nínú rẹ̀, onílé àti ayálégbé, pẹ̀lú yàrá tí oníkálukú yóò padà sí àti iye tí yóò máa san níbẹ̀. Bí wọn kò bá mú ìwé náà wá, ẹ má fọwọ́ sí i.