Abẹ́rẹ́ Kékeré Fẹ́ Pa Oríkì Bàbá Rẹ́

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹni tó bá rò pé abẹ́rẹ́ aránṣọ nìkan ni òwe yìí ń bá wí, kó wá gbọ́ ohun tí abẹ́rẹ́ giramafóònù fi ojú ìyá aláta kan rí n'Ìbàdàn.

Ìyá náà ń múra ìrántí ọdún kan tí ọkọ wọn kú. Lára ohun tí olóògbé fi sílẹ̀ ni àpótí àwo orin kan. Haruna Ishola wà níbẹ̀, Yusuf Olatunji wà níbẹ̀, Ayinla Omowura náà kò gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n èyí tí ìyá fẹ́ràn jù kì í ṣe ti olórin ńlá. Olórin àpàlà kékeré kan ló kọ ọ́ láyé ọjọ́un, ó sì ki bàbá ọkọ wọn níbẹ̀ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Irú àwo bẹ́ẹ̀ kò sí lórí fóònù. Àkọ́bí ìyá wá a títí, kò rí i. Ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ ti kógbá wọlé tipẹ́. Ẹyọ kan ṣoṣo tó kù nìyẹn.

Ọmọ ní kò sí wàhálà. Ó lọ ra giramafóònù tuntun, èyí tó ń pa dé bí àpótí ìrìn-àjò. Wọ́n gbé àwo lé e. Orin ń ha gàràgàrà, abẹ́rẹ́ ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ni ọmọ bá mú owó ẹyọ kan, ó fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí apá ẹ̀rọ náà kó lè wúwo. Ọgbọ́n àtijọ́ ni, ọ̀pọ̀ ilé ló dá a rí. Fífò dáwọ́ dúró lóòótọ́. Àmọ́ nígbà tí wọ́n fi máa gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn olórin ti ń lọ sẹ́yìn, ariwo ti bọ́ síwájú.

Ìyá fọwọ́ lérí. "Orúkọ Bàbá ló ń parẹ́ létí mi yìí o!"

Wọ́n kó gbogbo rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ti ń tún rédíò ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́. Bàbá kò tíì jókòó tí wọ́n fi pariwo: "Ẹ yọ owó yẹn kúrò kíá! Ṣé ẹ fẹ́ fi ọkọ́ ro àwo ni?"

Wọ́n ní kí ìyá jókòó. "Ìyá Aláta, tí ọmọge tó wọ bàtà gogoro bá fi gìgísẹ̀ tẹ̀ yín lẹ́sẹ̀, tí ẹni tó sanra wọ sílípáàsì tẹ̀ yín, èwo ló dùn yín jù?"

"Ti bàtà gogoro mà ni, Bàbá."

"Abẹ́rẹ́ yìí ni bàtà gogoro. Ẹnu rẹ̀ kéré débi pé gíráàmù 2 péré, tí kò tó ègé ṣúgà kan, ti tó láti mú un dúró nínú poro àwo. Irú ẹ̀rọ tí ẹ rà yìí ń fi bíi gíráàmù 5 tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ tún wá gbé owó lé e."

Ọmọ bi bàbá pé ṣé kí wọ́n kúkú jẹ́ kó fúyẹ́ pátápátá. Bàbá ní rárá o. Èyí tó fúyẹ́ jù ń ba àwo jẹ́ bákan náà, torí abẹ́rẹ́ kò ní fara mọ́ poro, yóò máa gbá ògiri rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì bí ọkọ̀ tí búrékì rẹ̀ já. Ìdí nìyí tí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ń kọ ìwọ̀n tirẹ̀ sínú ìwé. Ti Ortofon 2M Red jẹ́ gíráàmù 1.6 sí 2.0. Ti Audio-Technica AT-VM95E jẹ́ 1.8 sí 2.2. Ìwọ̀n tí ìwé wí ni kéèyàn lò.

Bàbá wá ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ohùn olórin ni wọ́n gbẹ́ sí ara ògiri poro àwo. Bí àwo ti ń yí, abẹ́rẹ́ ń gbọ̀n bí ògiri náà ṣe rí. Orí kékeré tó gbé abẹ́rẹ́ dání ni wọ́n ń pè ní kátíríìjì. Òun ló ń sọ gbígbọ̀n di iná mànàmáná tín-tìn-tín, kí ampilifáyà tó gbé e sókè. Bí kátíríìjì bá parọ́, ẹ̀rọ yòókù ò lè sọ òótọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ àṣìṣe ńlá láti kó owó lé ẹ̀rọ gbohùngbohùn gàgàrà, kéèyàn sì fi abẹ́rẹ́ jíjẹ lu àwo.

"Ẹ̀rọ wo ni olóògbé ń lò?" Bàbá bi wọ́n.

Ọmọ ní ti Japan àtijọ́ kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àmọ́ ó ti bàjẹ́. Wọ́n lọ gbé e wá. Bàbá tan iná sí i, ó ń yí geere. Wọ́n fi awò wo abẹ́rẹ́, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Abẹ́rẹ́ ló jẹ."

Ibi yíyan kátíríìjì ló kù. Bàbá ní irú mẹ́ta ló pọ̀ nígboro. Èyí tó wà nínú ẹ̀rọ alápòótí, tí wọ́n ń pè ní sẹ̀rámíìkì, pọ́ọ́kú ni, àmọ́ ó máa ń wúwo lórí àwo. Ìkejì ni onímágínẹ́ẹ̀tì, MM. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣeé fà yọ kéèyàn fi òmíràn sí i, ihò PHONO ara ampilifáyà sì ni wọ́n ń kì í bọ̀. Ìkẹta ni MC. Owó gọbọi ni, ohùn rẹ̀ kéré débi pé ó ń fẹ́ ẹ̀rọ ìrànlọ́wọ́, tí abẹ́rẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn bá sì jẹ, gbogbo orí ló lọ yẹn. Fún ilé ẹni bí tiwa, MM ló bójú mu.

Ẹnu abẹ́rẹ́ náà yàtọ̀ síra. Olórí roboto kò gbówó lórí, kì í sì í ṣòro tò. Olórí pẹlẹbẹ bí ẹyin máa ń wọ inú poro dáadáa, pàápàá níbi orin ìparí ẹ̀gbẹ́ àwo tó sún mọ́ àárín, níbi tí ohùn ti máa ń fọ́. Bàbá mú AT-VM95 fún wọn torí pé orí kan náà ló ń gba abẹ́rẹ́ méjèèjì. Tọ́wọ́ bá gbé roboto lónìí, kí wọ́n fi í sí i. Tọ́wọ́ bá tún tẹ owó, kí wọ́n fa èyí yọ, kí wọ́n fi pẹlẹbẹ sí i.

Bàbá yọ àwo àtijọ́ méjì sọ́tọ̀, irú tó ń yí ní 78, tó ń fọ́ bí àwo tánganran. "Ẹ má fi abẹ́rẹ́ yìí gbọ́ wọn o. Poro tiwọn fẹ̀ jù, abẹ́rẹ́ tiwọn yàtọ̀. Ẹ má sì fi sípíríìtì nù wọ́n, yóò bó wọn lára."

Títò ló wá kàn. Wáyà tín-ínrín mẹ́rin ló wà lẹ́yìn orí náà: funfun àti búlúù fún apá òsì, pupa àti àwọ̀ ewé fún apá ọ̀tún. Bàbá tẹ́ bébà kan tó ní àmì méjì, ọ̀kan ní mìlímítà 66 sí àárín, èkejì ní bíi 121. Wọ́n sún kátíríìjì síwá sẹ́yìn títí ó fi dúró gbọọrọ bá ìlà ní àmì méjèèjì, kí wọ́n tó dè é pa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ wò ó láti iwájú: abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n wò ó láti ẹ̀gbẹ́: apá ẹ̀rọ tẹ́jú bá àwo.

"Ìyá Aláta, iṣẹ́ yín rèé," ni bàbá wí. Wọ́n yí irin ẹ̀yìn apá náà títí apá fi dúró lófuurufú, kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀.

"Ó dà bí òṣùwọ̀n tí a kò tíì kó ọjà sí," ìyá dáhùn.

"Ẹ gbà á. Òdo nìyẹn. Ó yá, ẹ jẹ́ ká kó ọjà sí i." Wọ́n yí i dé 2, wọ́n tún fi òṣùwọ̀n kékeré alágbẹ̀dẹ wúrà yẹ̀ ẹ́ wò torí pé nọ́ńbà ara irin máa ń purọ́ nígbà mìíràn. Wọ́n yí bọ́tìnnì tó ń gba apá lọ́wọ́ fífà sí àárín, òun náà dé 2. Wọ́n so wáyà ilẹ̀ mọ́ ampilifáyà, kíkùn bí oyin sì dákẹ́.

Wọ́n gbé àwo sí i. Ìlù kọ́kọ́ wọlé, agogo tẹ̀ lé e. Nígbà tí olórin dé ibi oríkì, ó pe bàbá ọkọ lórúkọ ketekete. Ìyá bú sẹ́kún, ọmọ dojú bolẹ̀. Ó ku ibì kan tó ń ha díẹ̀ ní àárín oríkì náà, níbi tí owó ẹyọ ti gba kọjá. Bàbá ní ìyẹn kò ní àtúnṣe mọ́, torí poro tó bá ti jẹ kì í hù padà. "Ṣùgbọ́n kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ ọmọ, kó o tó gbé àwo kiri, fi fóònù rẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lónìí."

Kí ẹni tó ní àwo nílé fi ìwọ̀nyí sọ́kàn. Abẹ́rẹ́ kì í ṣe ohun àjogúnbá. Àwọn tó ń ṣe é ní kéèyàn pààrọ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí 300 sí 1000, ó dọwọ́ irú rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ni kí wọ́n fi gbọn eruku ẹnu rẹ̀, láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú, kì í ṣe ìka. Kátíríìjì àtijọ́ kì í ṣe ti àkìtàn náà: Shure ti Amẹ́ríkà jáwọ́ nínú iṣẹ́ yìí ní 2018, àmọ́ JICO ní Japan ń ṣe abẹ́rẹ́ tó ń wọ ọ̀pọ̀ àwọn orí àtijọ́.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ, owó ẹyọ, ọjà ni kẹ́ ẹ fi ná. Ẹ má gbé e lé orí àwo baba yín.