Alùpùpù Orí Omi Àlòkù: Odò Ni Kí A Kọ́kọ́ Wò

Àwọn àgbà a máa wí pé a kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí omi ti jìn tó, ẹsẹ̀ kan ni yóò tì bọ̀ ọ́. Èkejì yóò wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, kí ó lè ní ibi tí yóò padà sí. Òwe yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní òun ti rí alùpùpù orí omi kan tí wọ́n ti lò rí, pé owó rẹ̀ kò wọ́n, àti pé òun fẹ́ rà á gbé wá sílé, kí òun lè máa fi gun odò Ọ̀sẹ́ nígbà tí òun bá wá ṣe ọdún.

Ó ní, "Bàbá kékeré, ẹ bá mi dúpẹ́, mo ti rí èyí tí mo ń wá."

Mo bi í pé, "Ṣé o ti wo odò?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Odò kẹ̀, Bàbá? Ẹ̀rọ mà ni mo fẹ́ rà!"

Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ sọ lónìí kò ju èyí lọ: ẹni tí ó bá ń ra ohun ìgùn orí omi, pàápàá jù lọ èyí tí ẹlòmíràn ti lò gbó, odò ni kí ó kọ́kọ́ wò, kí ó tó wo ọkọ̀, bí ó bá sì kan ọkọ̀, ikùn rẹ̀ ni kí ó wò, kí ó tó wo ọ̀dà ara rẹ̀.

Nítorí àwọn tí kò tíì rí alùpùpù orí omi rí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọkọ̀ kékeré ni, ènìyàn kan sí mẹ́ta ni ó ń gbé. A ń gùn ún bí ẹni gun alùpùpù ilẹ̀, a sì ń fi ọwọ́ méjèèjì darí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Bombardier ti ilẹ̀ Kánádà gbé irú rẹ̀ kan jáde ní 1968, wọ́n pè é ní Sea-Doo. Ní nǹkan bí 1973, ilé-iṣẹ́ Kawasaki ti ilẹ̀ Japan gbé tirẹ̀ jáde, wọ́n pè é ní Jet Ski, orúkọ náà sì mọ́ gbogbo ayé lẹ́nu débi pé irú èyíkéyìí tí wọ́n bá rí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ní Èkó, lórí ọ̀sà, kò ṣàjèjì mọ́.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ ni kí a fi etí sí. Kò ní abẹ̀bẹ̀ níta bí ẹ́ńjìnnì tí àwọn ará Ìlàjẹ ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ wọn. Abẹ̀bẹ̀ irin tirẹ̀ wà nínú ihò kan lábẹ́ ikùn rẹ̀. Ihò yìí ni ó fi ń fa omi mu láti abẹ́, ẹ̀yìn ni ó sì ń tú omi náà sí pẹ̀lú agbára. Agbára omi tí ó tú jáde yìí ni ó ń tì í síwájú. Ẹnu tí ó fi ń mu omi yìí náà ni yóò fi mu iyanrìn, òkúta wẹ́wẹ́, koríko omi àti okùn àwọ̀n. Bí iyanrìn bá wọ inú rẹ̀, yóò ha abẹ̀bẹ̀ náà àti ògiri ihò rẹ̀ títí agbára rẹ̀ yóò fi dín kù. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n fi máa ń sọ pé, ó kéré tán, omi tí ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 3 gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ kí a tó fún un níná.

Ǹjẹ́ odò wa ń kọ́? Ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà Ọ̀wọ̀ lọ sí Ìkàrẹ́ rí yóò ti kọjá lórí afárá odò Ọ̀sẹ́. Ìhà gúúsù ni odò yìí ń ṣàn lọ títí tí ó fi wọ ilẹ̀ Ẹdó, tí omi rẹ̀ sì bá ti odò Bìní lọ sí òkun. Orúkọ rẹ̀ ni Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́ ń jẹ́, èyí tí olú-ìlú rẹ̀ wà ní Ìfọ̀n. Ṣùgbọ́n odò yìí kì í ṣe ọ̀sà Èkó. Ní àkókò òjò, yóò kún, omi rẹ̀ yóò pọ́n, yóò sì máa gbé ìtì igi lọ. Ní àkókò ọyẹ́ àti ẹ̀ẹ̀rùn, yóò fà, iyanrìn àti àpáta yóò sì yọ orí síta ní ọ̀pọ̀ ibi. Àkókò tí àwọn ọmọ wa ń wá sílé láti ṣe Kérésìmesì àti ọdún tuntun gan-an ni omi náà ń lọ sílẹ̀. Ibi tí ó jìn lóṣù kẹsàn-án lè má mu ènìyàn ní orúnkún lóṣù kìn-ín-ní. Nítorí náà, kí ọmọ wa tó san kọ́bọ̀, kí ó wá sílé ní ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó mú ọ̀pá gígùn lọ́wọ́, kí ó wọ ọkọ̀ apẹja kan, kí ó sì wọn odò náà láti ibi tí ó fẹ́ ti gbéra dé ibi tí ó fẹ́ dé. Bí ó bá ṣe èyí tí ó rí i pé iyanrìn ni ó pọ̀ jù, ọkọ̀ onígi pẹ̀lú àjẹ̀ yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn ju ẹ̀rọ èyíkéyìí lọ.

Bí odò bá wá gbà á, ó kan ọ̀rọ̀ rírà. Àwọn baba wa kò mọ alùpùpù orí omi, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bí a ti ń ra ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò. Mo ti bá bàbá mi lọ ra ọkọ̀ onígi àlòkù nígbà tí mo wà ní kékeré. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ ń yìn ín, bàbá mi kò dá a lóhùn. Ó fi ìkúùkù kan ikùn ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó ń tẹ́tí sí ibi tí igi bá ti dún bí ohun tí ó ti jẹrà. Ó ní kí a pọn omi kún inú rẹ̀, kí a sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ní òwúrọ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa abẹ́ rẹ̀ yíká láti mọ ibi tí omi ti ń jò. Lẹ́yìn èyí ni ó tó wọ inú rẹ̀ lórí odò, olówó rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní bí ẹni tí ó ń tà á kò bá lè bá òun jókòó nínú rẹ̀, òun kò lè rà á.

Ọgbọ́n kan náà ni kí a lò fún ẹ̀rọ òde òní. Kí a yí i sí ẹ̀gbẹ́, kí a wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ó sán, tàbí wọ́n ti fi ọ̀dà tuntun bo àlẹ̀mọ́ mọ́lẹ̀. Kí a tan iná sí ihò tí ó fi ń mu omi, kí a wo etí abẹ̀bẹ̀ irin náà: bí ó bá ti jẹ́gẹjẹ̀gẹ, a ti mọ̀ pé ó ti jẹ iyanrìn. Kí a gbé ìjókòó rẹ̀ sókè, kí a wo bóyá omi dúró nínú rẹ̀, tàbí iyọ̀ òkun ti mú kí wáyà rẹ̀ dógùn-ún. Kí a fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì yọ: bí ọ́ìlì náà bá funfun bí ẹ̀kọ tútù, omi ti wọ inú ẹ́ńjìnnì. Kí a mú mẹkáníìkì tiwa lọ, kì í ṣe ti ẹni tí ń tajà, kí ó fi ohun èlò rẹ̀ wọn agbára sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá relẹ̀ púpọ̀ ju àwọn yòókù lọ, àtúnṣe olówó gọbọi ni ó ń bọ̀. Kí a béèrè wákàtí tí ẹ́ńjìnnì ti ṣiṣẹ́, kí a sì béèrè ìwé ẹni tí ó ni ín, kí a má baà fi owó wa ra ẹjọ́. Paríparí rẹ̀, kí a gbé e sínú omi, kí a gùn ún. Èyí tí ó bá dún dáadáa lórí ilẹ̀ nìkan, a kò tíì mọ̀ ọ́n.

Bí yíyàn bá wà, kí akọ́ṣẹ́ má ṣe ra èyí tí a ń dúró gùn, tí wọ́n fi ń sáré ìdíje. Èyí tí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta lè jókòó lé, tí kò sì tètè dojú dé bí a bá dúró, ni ó yẹ odò tóóró. Eré àsápajúdé kò ní ibi tí yóò gbà á ní Ọ̀sẹ́.

Ẹ̀yin ará Ọ̀wọ̀ mọ ìtàn Ọ̀rọ̀nsẹ̀n, ayaba Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n, tí a ń rántí ní oṣù kẹsàn-án ọdọọdún nígbà ọdún Igógó, tí ìlù yóò dákẹ́ tí agogo yóò sì gba ipò rẹ̀. Obìnrin náà mú ọrọ̀ wá sí ààfin, ṣùgbọ́n ó ní èèwọ̀ mẹ́ta: a kò gbọdọ̀ lọ ilá lójú rẹ̀, a kò gbọdọ̀ ju ẹrù igi sílẹ̀ lójú rẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá lójú rẹ̀. Ọjọ́ tí àwọn orogún rẹ̀ ṣẹ̀ sí èèwọ̀ wọ̀nyí ni ó fi ààfin sílẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ ni pé ohun iyebíye kò ṣàìní èèwọ̀, ẹni tí yóò bá a gbé sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kí ó tó mú un wọlé.

Ẹ̀rọ yìí náà ní èèwọ̀ mẹ́ta. Èkíní, a kò gbọdọ̀ tú ọwọ́ iná sílẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ yà fún ewu. Omi tí ó ń tú jáde lẹ́yìn ni ó fi ń yà. Bí iná bá ti kú, bí a yí ọwọ́ títí, tààrà ni yóò máa lọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti àtijọ́ kò sì ní bíréékì. Ẹ̀rù a sì máa mú akọ́ṣẹ́ tú ọwọ́ sílẹ̀: ibẹ̀ ni ikú ti ń wọlé. Èkejì, a kò gbọdọ̀ ṣáná sí i láìjẹ́ pé a ti kọ́kọ́ ṣí ìjókòó rẹ̀ kí atẹ́gùn lè gbé òórùn bẹntiróòlù jáde, nítorí òórùn tí ó há sínú rẹ̀ lè gbiná. Ẹ̀kẹta, a kò gbọdọ̀ gùn ún láìso okùn tí ń pa ẹ́ńjìnnì mọ́ ọwọ́ tàbí ẹ̀wù wa, kí ó lè kú fúnra rẹ̀ bí a bá já bọ́.

Àwọn kan yóò ní àgbà kì í fẹ́ ohun tuntun, pé èmi ń dẹ́rù ba ọmọdé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2023, àwọn tí ó lọ síbi ìgbéyàwó ń padà sí agbègbè Pàtígì ní ìpínlẹ̀ Kwara, ọkọ̀ wọn sì rì sínú odò Ọya lóru. Ó ju 100 ènìyàn lọ tí ó bá a lọ. Ọkọ̀ náà kún àkúnjù, ìròyìn sì sọ pé igi tí ó wà lábẹ́ omi ni ó kọlù. Ọmọ etí odò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí omi bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹni tí a bí sí etí rẹ̀, kí ni yóò ṣe sí ẹni tí ó wá ṣeré ọjọ́ méjì láti Èkó, tí kò mọ̀wẹ̀? Ẹ̀wù tí ń mú ènìyàn léfòó kì í ṣe ọ̀ṣọ́; kí a kà á mọ́ owó ọkọ̀ gan-an. Ẹni tí kò bá ní owó rẹ̀ kò tíì ní owó ọkọ̀.

Ó ku àwọn tí odò jẹ́ tiwọn. Obìnrin tí ń pọn omi, ẹni tí ó rẹ ẹ̀gẹ́ sí etí odò, apẹja tí ó na àwọ̀n rẹ̀, ọmọ tí ń wẹ̀: gbogbo wọn ti wà níbẹ̀ kí ẹ̀rọ tó dé. Àṣà wa ni pé àlejò a máa kí onílé. Kí ẹni tí ó fẹ́ gun odò lọ bá baálẹ̀ àti àwọn apẹja, kí ó bi wọ́n léèrè ibi tí a kò gbọdọ̀ dé àti ọjọ́ tí a kò gbọdọ̀ lọ. Kí ó sì bi àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1997 láti máa mójú tó àwọn odò wa, èyí tí olú-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Lọ́kọ́jà, léèrè ohun tí òfin wí. Apẹja tí ó fi ibi tí ìtì igi rì sí hàn ọ́ lónìí ti gba ẹ̀mí rẹ là lọ́la.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi padà lọ bá ẹni tí ń tajà náà. Ó ní òun fẹ́ gbé ìjókòó sókè, òun sì fẹ́ gbé e sínú omi kí òun tó sanwó. Onítọ̀hún ní kò sí àyè fún ìyẹn, pé ẹlòmíràn ti ń bọ̀ wá gbé e. Ọmọ náà pè mí, inú rẹ̀ kò dùn. Mo sọ fún un pé owó rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, odò Ọ̀sẹ́ kò sì ní kúrò níbi tí ó wà. Kí ó wá sílé ní ẹ̀ẹ̀rùn, èmi yóò mú ọ̀pá dání, a ó jọ lọ wọn ọ́n.