ẸNI TÓ Ń RỌ ỌTÍ ŃKỌ́?

Ọ̀rọ̀ òní kan gbogbo wa, pàápàá ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní yunifásítì ní Amẹ́ríkà.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, Max Gruver, ọmọ ọdún 18, kú ní Louisiana State University. Kò tíì pẹ́ rárá tó wọ ilé ìwé náà. Ó fẹ́ wọ ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní fraternity. Àwọn tó ti wà níbẹ̀ ń bi àwọn ọmọ tuntun ní ìbéèrè nípa ẹgbẹ́ náà. Ẹni tó bá ṣì í, kó gbé ìgò ọtí líle sẹ́nu. Ẹ wá gbọ́ orúkọ tí wọ́n pe eré yìí: "Bible Study"! Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò, ọtí inú rẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́fà iye tí òfin gbà fún ẹni tó ń wa mọ́tò.

Àwọn kan á ní, "Ta ló ní kó mu ún? Ṣé wọ́n yọ ìbọn sí i ni?" Àwọn Kristẹni náà ń sọ bẹ́ẹ̀. A ò gbà! Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé, tí kò tíì mọ ẹnì kan, tí àwọn àgbà ọmọ yí ká, ṣé òmìnira lẹ pe ìyẹn? Ọtí àmupara, ẹ̀ṣẹ̀ ni, a ò yí i padà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí Hábákúkù 2:15. Ẹni tó ń fún ọmọnìkejì rẹ̀ lọ́tí kó lè yó ni Ọlọ́run kọjú ìjà sí níbẹ̀. Àwọn àgbà wa náà ní, ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀.

Ẹ̀dọ̀ èèyàn kì í sáré. Ife ọtí kan, ó máa ń tó bíi wákàtí kan kó tó palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹni tó da púpọ̀ sọ́fun lẹ́ẹ̀kan náà, tó bá tiẹ̀ ti sùn lọ, ọtí náà ṣì ń gùn ún. Èémí rẹ̀ lè dákẹ́, èébì lè dí i lọ́fun. "Ẹ jẹ́ kó sùn, ojú rẹ̀ á dá" ti pa ọmọ púpọ̀. Orí àga ni wọ́n fi Max náà sílẹ̀ sí mọ́jú.

Ní 2018, Louisiana ṣe òfin tó ń jẹ́ orúkọ ọmọ náà. Tí irú eré bẹ́ẹ̀ bá pa ọmọ, ẹni tó mú un mu lè ṣẹ̀wọ̀n tó ọdún 5. Aṣòfin ti rí ẹni tó ń rọ ọtí. Ìjọ ńkọ́?

Ẹ̀yin òbí, ẹ sọ fún ọmọ yín pé kó pè yín, ì báà jẹ́ òru, ẹ ò ní bú u. Ọmọ tó bá ń bẹ̀rù èébú kò ní pè. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tí ẹnì kan bá ṣubú, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ pe 911. Àṣírí ẹgbẹ́ kankan ò tó ẹ̀mí èèyàn.

Owó ilé ìwé tí a ń san kò ní di owó pósí lórúkọ Jésù. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ Àmín yín, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí òbí kan.