Ọdún Mẹ́ta Lára Àwo Kan: Lẹ́tà Gbangba sí Àwọn Tó Ń Ra Àwo Orin Àtijọ́ ní Abúlé Ìbàdàn

Lẹ́tà yìí wà fún àwọn olùkójọ àwo orin àtijọ́ àti àwọn oníṣòwò tó ń bá wọn wọ abúlé kiri, láti Móníyà àti Ìròkò ní Akínyẹlé, dé Lálúpọn ní Lagelu, dé Ẹ̀rúnmu ní Ẹ̀gbẹ́dá, títí kan Akanran ní Ọ̀nà-Àrà. Wọ́n ń ra àwo ní àpò-àpò, wọ́n ń fi omi ọṣẹ nu ìwé roboto tó wà láàárín rẹ̀, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ti ọdún 1960 sí 1969 ni gbogbo rẹ̀, ìbáà jẹ́ pé 1952 ni wọ́n kọ orin náà tàbí 1974. Ẹni tó bá rà á lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà á gba ọdún náà gbọ́, ẹlòmíràn á tún un kọ, títí àṣìṣe oníṣòwò kan yóò fi di ẹ̀rí lọ́wọ́ àwọn òpìtàn.

Ohun tó fa àṣìṣe yìí ni pé wọn kò mọ̀ pé ọdún mẹ́ta ló wà lára àwo kan ṣoṣo: ọdún tí akọrin kọ orin náà sínú ẹ̀rọ, ọdún tí ilé-iṣẹ́ tẹ àwo náà gan-an, àti ọdún tí ẹni tó ni ín rà á. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jìnnà síra wọn gidigidi. Ní 1985, ilé-iṣẹ́ Rounder ní Amẹ́ríkà gbé àwo kan jáde tí wọ́n pè ní Juju Roots, tó kó orin jùjú ti 1930 sí nǹkan bí 1959 jọ. Ẹni tó bá wo ọdún tó wà lẹ́yìn páálí rẹ̀ nìkan á fi ohun àwọn baba ńlá jùjú ṣe ti ìgbà àwọn ọmọ wọn.

Irú àwo ni ẹ̀rí àkọ́kọ́, òun ló sì rọrùn jù láti kà. Owó kòkó ni àwọn àgbẹ̀ fi ra giramafóònù tí wọ́n ń fọwọ́ yí, tí kò nílò iná mànàmáná, àwo tí wọ́n sì ń fi sí i ni èyí tó ń yí ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, tí wọ́n fi oje kòkòrò kan pò mọ́ lẹ́búlẹ́bú òkúta ṣe, tí orin ojú kan rẹ̀ kì í sábà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, tó sì ń fọ́ bí àwo ìjẹun bó bá bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Àwo oníke tó ń yí ìgbà 45 àti àwo ńlá tó ń yí ìgbà 33 ló gba ipò rẹ̀. Lẹ́tà tó ṣáájú nọ́ńbà àwo tún ń ṣàlàyé sí i: EZ ni ilé-iṣẹ́ Zonophone lò fún orin tí akọrin Domingo Justus àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ní Ìlú Ọba ní apá ìparí ọdún 1920 sí 1929, nígbà tí Decca lo WA fún àwo 78, NWA fún àwo 45 àti WAPS fún àwo ńlá. Ṣùgbọ́n ètò ọjà ilé-iṣẹ́ ni lẹ́tà wọ̀nyí ń sọ, kì í ṣe ọjọ́ tí akọrin dúró níwájú ẹ̀rọ. Nọ́ńbà kejì, èyí tí wọ́n fín sí ibi dídán tó wà láàárín ìparí ìlà orin àti ìwé roboto, ló ń tọ́ka sí mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi tẹ àwo, òun sì ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Orúkọ ẹgbẹ́ olórin ń sọ púpọ̀ ju nọ́ńbà lọ fún ẹni tó bá fara balẹ̀. I. K. Dairo dá Morning Star Orchestra sílẹ̀ ní 1957 kí ó tó di Blue Spots, Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fún un ní oyè M.B.E. ní 1963, nítorí náà, ìwé àwo tó bá kọ M.B.E. mọ́ orúkọ rẹ̀ kò lè ṣáájú 1963, bí orin inú rẹ̀ tilẹ̀ lè ṣáájú bẹ́ẹ̀. International Brothers ni ẹgbẹ́ Ebenezer Obey kí ó tó di Inter-Reformers. Green Spots ni ti Sunny Ade, kí ó tó kúrò lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ àwo African Songs ní 1974, tí African Beats sì gba ipò rẹ̀. Victor Olaiya náà ti fi Cool Cats sílẹ̀ di All Stars. Oníṣòwò tó kọ "Obey" nìkan sára páálí ti ju kọ́kọ́rọ́ nù.

Ọ̀rọ̀ inú orin sì wà ńbẹ̀, èyí tí àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá kò lè kà rárá. Olórí Ìbàdàn kò jẹ́ Olúbàdàn kí ó tó di 1936, Baálẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Orin tó bá sì kí Isaac Akinyele gẹ́gẹ́ bí Olúbàdàn lórí ìtẹ́, láàárín 1955 sí 1964 ni wọ́n kọ ọ́. Orin tó bá mẹ́nu kan ogun Àgbẹ́kọ̀yà, tí àwọn àgbẹ̀ abúlé wọ̀nyí jà nítorí owó orí ní 1968 àti 1969, kò lè ṣáájú rẹ̀. Ara páálí náà ń sọ̀rọ̀: iye owó tí wọ́n kọ síbẹ̀ ní pọ́n-ùn àti ṣílè ń tọ́ka sí ìgbà tó ṣáájú oṣù kìíní ọdún 1973, tí náírà dé. Àdírẹ́sì ibẹ̀ tó bá sọ pé "Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́" kò lè ṣáájú 1976.

Ibi tí ìbàjẹ́ náà ti dun ni jù ni ọdún kẹta, ọdún ẹni tó rà á, nítorí kò sí ilé-iṣẹ́ kankan tó ní àkọsílẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó ni àwo máa ń fi bíírò kọ orúkọ wọn sára ìwé roboto náà, nígbà mìíràn pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n rà á, ohun yìí gan-an sì ni ọṣẹ oníṣòwò ń pa rẹ́, nítorí pé àwo tí kò ní ìkọ̀wé lára ń pa owó jù. Yàtọ̀ sí orúkọ tí wọ́n fọwọ́ kọ, olórin àpàlà a máa ka orúkọ àwọn tó ń náwó fún un, àwọn oníkòkó, àwọn ọlọ́kọ̀ àti àwọn ìyálọ́jà, àwọn àgbàlagbà abúlé sì ṣì mọ ilé tí irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ ti jáde, wọ́n mọ ìyàwó tí wọ́n ń gbé nígbà tí orin náà jáde, wọ́n sì mọ ìnáwó tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Kò sí ẹni tó bi àwọn àgbàlagbà náà léèrè. Àwọn oníṣòwò san owó, wọ́n di àpò, wọ́n sì gbé ọkọ̀ padà sí Ìbàdàn kí bàbá tó ni àwo náà tó parí ọ̀rọ̀ tó ń sọ nípa rẹ̀.

Ohun tí lẹ́tà yìí ń béèrè kò le. Kí olùkójọ kọ orúkọ abúlé, àti ti ẹni tó tà á bí ẹni náà bá fẹ́, kí ó kọ nọ́ńbà méjèèjì, kí ó ya fọ́tò ìwé roboto náà kí omi tó kàn án, kí ó sì kọ ọdún ní "kò ṣáájú" àti "kò kọjá", pẹ̀lú ẹ̀rí tó fi mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n sì gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àwo dání wọ abúlé, kí wọ́n fi àwo náà sí i níwájú ẹni tó ni ín, kí wọ́n jókòó gbọ́ ohun tó bá sọ kí wọ́n tó dá owó lé e.