Òǹkà Yorùbá àti Ìṣirò Gíga

Ẹ̀yin ìjòyè àti ọ̀mọ̀wé Ògbòòrò, àwọn kan ń wí pé èdè wa kò lè gba ìṣirò gíga. Èmi kì í bọ Ifá, ṣùgbọ́n Odù 256 rẹ̀, tí í ṣe 16 lọ́nà 16, kò ṣeé gàn. Ẹ mú 256 lọ́nà 256, kí ẹ fi ẹyọ kan lé e: ọ̀kẹ́ mẹ́ta ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé mẹ́tàdínlógójì, èyíinì ni 65,537. Yàtọ̀ sí ẹyọ kan àti òun tìkára rẹ̀, kò sí iye tí ó lè pín in láìṣẹ́kù. Fermat ará Faransé rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí. Ní 1732 Euler fi 641 pín èyí tí ó tẹ̀ lé e, 65,536 lọ́nà 65,536 pẹ̀lú ẹyọ kan. Èdè Yorùbá ni mo fi sọ gbogbo rẹ̀. Kí ló wá dé tí olùkọ́ fi ń na ọmọ tí ó pe 17 ní mẹ́tàdínlógún ní kíláàsì?