Àwa Tí A Wà Nínú Ìgbìmọ̀ Ilé-Ìwé



Àwọn kan ń bi wá léèrè pé, nígbà tí a wà nínú ìgbìmọ̀ ilé-ìwé, kí ló dé tí ọmọ wa tí etí rẹ̀ wúwo kò tíì rí olùkọ́ tí ó mọ ìtọ́jú irú rẹ̀? Wọ́n ní ibi tí ènìyàn bá ti ń ṣiṣẹ́ ni ó ti ń jẹun.

Ìfẹ́ ni ó mú wọn sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ kì í gba olùkọ́ sí iṣẹ́. Ọwọ́ àjọ ẹ̀kọ́ ti ìpínlẹ̀ ni èyí wà. Nígbà tí ọ̀ràn ọmọ wa dé orí tábìlì, a dìde, a lọ jókòó sábẹ́ igi dógóyárò títí wọ́n fi parí rẹ̀. Ìyá ọmọ kò fẹ́ràn èyí rárá. Ó ní ìwà ọmọlúwàbí wa kò lè kọ́ ọmọ òun ní ABD. Ọmọ náà ti pé ọdún 9. Bí olùkọ́ bá ti kọjú sí pátákó, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹjọ́ ìyá ọmọ kò burú.

Ìwé nítorí tirẹ̀ nìkan ni wọ́n fẹ́ kọ sí àjọ. A wọlé, a bèèrè bóyá àwọn mìíràn wà. Àwọn olùkọ́ ka ọmọ 2 sí i, Haúsá kan, Ígbò kan, tí òbí wọn kò mọ ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀. Orúkọ 3 ni ó wá wà nínú ìwé náà.

Ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe ojúrere. Òfin àpapọ̀ ti 2018, tí Ààrẹ Buhari fi ọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019, sọ pé ilé-ìwé ìjọba kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, ẹnì kan tí a kọ́ ní iṣẹ́ ẹ̀kọ́ àwọn aláàbọ̀ ara. Irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ ní Ọ̀yọ́ wa, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 1977.

Ẹni tí ó bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kí ó kọ́kọ́ gbé e lọ sí ọsibítù, kí ó gba ìwé dókítà, kí ó so ó mọ́ ìwé ẹ̀bẹ̀, kí ó sì fi ẹ̀dà pamọ́. (Àwa akọ̀wé rélùwéè mọ̀ pé ìwé tí kò ní ẹ̀dà, ẹrù tí kò ní nọ́ńbà ni.)

Èsì tiwa kò tíì dé. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí a bá òun kọ tirẹ̀, kí ó dúró dè wá lẹ́yìn ìpàdé ọjọ́ Àìkú. A kì í gba kọ́bọ̀.