Àgbo kọ́ ló ń fa ikùn wọlé

Sí Olóòtú,

Ẹni tó kọ̀wé sí yín pé kí ìyá tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró máa fi àgbo jẹ̀dí fọ ikùn láràárọ̀ kó má baà sanra, ẹ bá mi sọ fún un pé omi àti ìgbẹ́ ni àgbo ń kó jáde. Ọ̀rá wà níbẹ̀ digbí. Bí nǹkan oṣù bá dúró, tí estrogen, èròjà inú ara obìnrin, bá ti wálẹ̀, ikùn ni ọ̀rá ń wọ́ lọ, iṣan ara náà á sì máa dín kù.

Dípò àgbo, oúnjẹ ni kó tún ṣe. Ìrẹsì Ọ̀fàdà kò jìnnà sí wa ní Mówè. Wọn kì í bó èèpo inú rẹ̀ tán, èèpo yẹn sì wà lára oúnjẹ àwọn kòkòrò rere inú ìfun. Ẹ̀wà àti ilá ọjà Ifọ̀ ńkọ́? Díẹ̀díẹ̀ ni o, kí inú má baà wú. Kí ìyá tó ń jókòó ti ìsọ̀ n'Íbàfò látàárọ̀ sì máa dìde rìn.

Èmi ò bá eléwé ọmọ jà o. Ìgbẹ́ gbuuru ojoojúmọ́ ni mo ń bá wí.

Òǹkàwé yín, Mówè.